BBC HD, 2006 sí 2013: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ gan-an, kí ló ṣe àwòrán rẹ̀ ní 2009, kí ló dé tí wọ́n fi pa á?

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ìdí ẹ̀rọ. Mò ń kó àlàyé jọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ amóhùnmáwòrán n'Ìbàdàn níbí. A ti sọ̀rọ̀ lórí WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, a ti dé orí àwòrán aláwọ̀, HD (àwòrán tó mọ́ kedere gan-an) ló kù. BBC HD, ìkànnì HD àkọ́kọ́ tí BBC ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ torí pé owó ará ìlú ni wọ́n fi dá a sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpinnu tí wọ́n sì ṣe lórí rẹ̀ ni wọ́n ṣàlàyé ní gbangba.

Ibi tó ti rú mi lójú rèé. Àwọn kan kọ ọ́ pé 2006 ló bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ní 2007, àwọn mìíràn ní 2009. Èwo ni ká mú? Lẹ́yìn èyí, kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwòrán rẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2009 tí inú fi bí àwọn òǹwòran? Tí HD bá sì dára tó bí wọ́n ṣe ń wí, kí ló dé tí wọ́n fi ti ìkànnì náà pa ní 2013? Ẹnì kan tó ń ta díìṣì tún sọ pé tí èèyàn bá yí díìṣì sí 28.2° ìlà-oòrùn, ọ̀fẹ́ ni HD ti BBC máa wọlé n'Ìbàdàn. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ̀rọ_Agodi

Àbúrò, ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tọ̀nà, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí ni kò dọ́gba.

Ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún 2006 ni ìdánwò bẹ̀rẹ̀ lórí sátẹ́láìtì àti kébù. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti Jámánì, àwọn tó sì ní ẹ̀rọ tó gbà á wo bọ́ọ̀lù náà ní HD. Ní ti áńtẹ́nà orí òrùlé, ilé 450 péré ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fi dán an wò, láti òpó Crystal Palace. Kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé DVB-T, ọ̀nà tí wọ́n fi ń gbé tẹlifíṣọ̀n dé orí áńtẹ́nà nígbà náà, kì í gbé ju nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ lórí fírikúẹ́ǹsì kan. Ìkànnì HD kan ṣoṣo á jẹ ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ tán, àwọn ìkànnì tí gbogbo ilé ń wò á sì wá pàdánù àyè wọn.

Ọjọ́ 1 oṣù kejìlá 2007 ló di ìkànnì gidi, lẹ́yìn tí BBC Trust, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó BBC nígbà náà, fọwọ́ sí i. Ọjọ́ 2 oṣù kejìlá 2009 ni DVB-T2, ọ̀nà tuntun tó rọ́pò DVB-T fún HD, wá bẹ̀rẹ̀ láti òpó Winter Hill àti ti Crystal Palace. Fírikúẹ́ǹsì 8 MHz kan náà ni, àmọ́ wọ́n yí ètò ìgbéjáde rẹ̀ padà (32K, 256QAM, FEC 2/3 àti gáàdì 1/128), ó sì ń gbé mẹ́gábíìtì 40.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan (Mbit/s). Ìyẹn ló jẹ́ kí BBC HD àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè jókòó pọ̀ lórí áńtẹ́nà lásán. Torí náà kọ ọ́ báyìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ìdánwò 2006, ìfilọ́lẹ̀ 2007, orí áńtẹ́nà 2009.

Ọ̀rọ̀ ọdún 2009 yìí kàn wá níbí ju bí o ṣe rò lọ. DVB-T2 pẹ̀lú MPEG-4 (ọ̀nà ìfún àwòrán pọ̀) náà ni Nàìjíríà mú nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti Jos ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 2016. Ẹni tó bá ra tẹlifíṣọ̀n tòkunbọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, kó yẹ àmì ara rẹ̀ wò dáadáa. "HD ready" kò túmọ̀ sí pé ó lè gba HD láti inú áńtẹ́nà rárá. Ohun tó ń sọ ni pé ojú rẹ̀ ní ìlà tó tó 720 ó kéré tán, ó sì ní HDMI tàbí DVI. Èyí tí wọ́n kọ "Freeview" (orúkọ tẹlifíṣọ̀n áńtẹ́nà ọ̀fẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) lásán sí ní túnà DVB-T nìkan; á wá ìkànnì títí, kò ní rí ọ̀kan lára àwọn tó wà lórí DVB-T2. "Freeview HD" ni ká wá. Tí kò bá sí, díkódà DVB-T2 kékeré pẹ̀lú wáyà HDMI á ṣe é.

Ó kan oṣù kẹjọ 2009. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń fún àwòrán pọ̀, wọ́n sì dín bíìtì rẹ̀ kù láti 16 Mbit/s sí 9.7. Àlàyé wọn ni pé ẹ̀rọ tuntun náà gbọ́n ju ti àtijọ́ lọ, pé bíìtì tó dín kù á ṣe iṣẹ́ kan náà. Má gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, má sì kọ̀ ọ́. Jẹ́ ká ṣírò ó.

Àwòrán náà fẹ̀ tó píksẹ́lì 1440, ó ga tó 1080. H.264, ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún àwòrán náà pọ̀, máa ń gé àwòrán sí ègé 16 × 16. 1440 pín sí 90 géérégé. 1080 kò pín sí 16 bó ṣe yẹ, torí náà ẹ̀rọ á sọ ọ́ di 1088, á sì fi ìlà 8 ìsàlẹ̀ pa mọ́. 90 nígbà 68 jẹ́ ègé 6,120 nínú fírémù kan. Fírémù 25 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní àwòrán nìkan ló gba gbogbo bíìtì, 16 Mbit/s á fún ègé kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi bíìtì 105. 9.7 á fún un ní 63. Ègé kan sì rèé, píksẹ́lì 256 ló wà nínú rẹ̀.

Tí àwòrán bá dúró jẹ́ẹ́, bíìtì 63 tó, ó tún ṣẹ́kù, torí pé ẹ̀rọ kàn á sọ pé "gẹ́gẹ́ bí ti fírémù tó kọjá" ni. Ìgbà tí àwòrán kan bá ń yọ́ wọnú òmíràn ni wàhálà dé. Gbogbo ègé ló ń yí ìmọ́lẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ náà sì wo ẹ̀yìn, kò rí èyí tó jọ ọ́. Ó di dandan kó tún gbogbo rẹ̀ yà láti ìbẹ̀rẹ̀, bíìtì kò sì sí. Ohun tí òǹwòran á rí ni pé ojú èèyàn á dà bí ìda tó ń yọ́ fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, lẹ́yìn náà á padà mọ́ kedere. Omi tó ń ru, èrò ìdí pápá bọ́ọ̀lù, àti hóró inú àwòrán tí wọ́n yà lálẹ́, gbogbo wọn ló ń fa irú rẹ̀. Àwọn òǹwòran tó pariwo lọ́dún yẹn kò parọ́: wọ́n tọ́ka sí ibi tí àwòrán ti ń yọ́ wọnú ara wọn, ibẹ̀ gan-an sì ni àìlera ẹ̀rọ náà wà. Danielle Nagler ló jẹ́ olórí ìkànnì náà nígbà náà, òun àtàwọn ẹlẹ́rọ rẹ̀ sì jáde sí gbangba láti dá àwọn èèyàn lóhùn. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ilé iṣẹ́ tó ń ná owó ará ìlú, ó yẹ kó lè sọ iye bíìtì tó ń lò.

Díìṣì_Challenge

Ẹ kú àlàyé, bọ̀dá Agodi. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ díìṣì.

Kì í ṣe òótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ wà níbẹ̀. Sátẹ́láìtì Astra 2D ni BBC HD wà lórí rẹ̀ nígbà náà, ní 28.2° ìlà-oòrùn. Ìtànṣán sátẹ́láìtì yẹn ṣe tóóró, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland ni wọ́n kọjú rẹ̀ sí. Ní gúúsù Sípéènì pàápàá, díìṣì ńláńlá ni wọ́n ń gbé sórí òrùlé kí wọ́n tó rí i. N'Ìbàdàn, díìṣì tó tóbi tó yàrá kò ní mú nǹkan kan, torí pé ìtànṣán náà kò kọjú sí ibí.

Kí ló wá dé tí mítà fi ń dún tí èèyàn bá yí díìṣì síbẹ̀? Astra 2F tí wọ́n gbé lọ sójú ọ̀run ní oṣù kẹsàn-án 2012 sí ipò kan náà ní ìtànṣán kan tó kọjú sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Òun ni mítà ń gbọ́. Ẹni tó bá rí "signal" tó lọ sókè á rò pé BBC ti dé. Kó wo "quality" lórí fírikúẹ́ǹsì BBC fúnra rẹ̀, òdo ni á máa jẹ́.

Fún ẹni tó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i: láti Ìbàdàn, 28.2° wà ní ìwọ̀n bíi 60° sókè, 106° ní kọ́ńpáàsì. Díìṣì DStv tó wà ní 36° ìlà-oòrùn wà ní bíi 52° sókè, 102° ní kọ́ńpáàsì. Ìyẹn ni pé ẹ máa gbé ojú díìṣì sókè ní ìwọ̀n 8 tàbí 9, ẹ ó sì yí i sí apá gúúsù ní ìwọ̀n 4. Ẹ yí LNB náà (ẹ̀rọ kékeré tó wà níwájú díìṣì) díẹ̀díẹ̀ títí quality á fi ga jù lọ, nítorí pé ìdúró rẹ̀ máa ń yí padà tí ẹ bá ti kúrò ní ipò kan sí òmíràn.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan tún wà tí wọ́n máa ń dá HD lẹ́bi rẹ̀ lásán: òjò. Tí ìkànnì SD (èyí tí kì í ṣe HD) bá wà lórí QPSK 3/4, ọ̀nà kan nínú ìgbéjáde sátẹ́láìtì DVB-S2, ó nílò nǹkan bíi 4 dB (ìwọ̀n bí àmì ṣe lágbára ju ariwo lọ) kó tó dúró. HD tí wọ́n gbé sórí 8PSK 3/4, tó ń kó bíìtì jọ ju ìyẹn lọ, nílò bíi 8 dB. Torí náà tí òjò oṣù kẹfà bá ṣú, HD ló máa kọ́kọ́ lọ, SD á ṣì máa ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé díkódà ti bàjẹ́. Ẹ tún díìṣì ṣe lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ títí quality fi dé òkè pátápátá. Ẹ má dúró níbi tí àwòrán ti kọ́kọ́ yọ. Ẹ sì fi téèpù rọ́bà di ìdí kọnẹ́tọ̀ LNB. Omi tó bá wọ inú wáyà kì í jáde mọ́, ṣe la máa gé ibẹ̀ sọnù.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè méjì tún jáde. Mo ní fáìlì ètò HD kan tó jẹ́ 1440 × 1080. Nínú ẹ̀rọ kan àwòrán rẹ̀ dára, nínú òmíràn gbogbo èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná. Ìkejì, mo kà á pé BBC HD máa ń gbé àwòrán ìdánwò jáde. Kí ló wà fún?

Àǹtí_Ẹ́dítíńgì

Ti fáìlì ni kí n kọ́kọ́ dáhùn. 1440 × 1080 tí wọ́n fi gbé HD jáde kì í ṣe àwòrán 4:3. Píksẹ́lì rẹ̀ fẹ̀ ju gíga rẹ̀ lọ ní ìwọ̀n 4:3, kí ẹ̀rọ tó ń gbé e hàn tó nà án padà sí 1920. Àmì kékeré kan nínú fáìlì ló ń sọ èyí fún ẹ̀rọ. Tí ètò tí ẹ fi ń wò ó kò bá ka àmì náà, tàbí tí ẹni tó gé fáìlì ti sọ ọ́ nù, èèyàn á tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má tún un rẹ́ńdà, ẹ ó kàn ba àwòrán jẹ́ sí i ni. Nínú VLC, ẹ lọ sí Video, Aspect Ratio, 16:9. Tí ẹ bá fẹ́ tún fáìlì náà ṣe títí láé láì fọwọ́ kan àwòrán inú rẹ̀, ẹ fi ffmpeg, ètò kọ̀ǹpútà kan, ṣe é:

ffmpeg -i a.ts -c copy -bsf:v h264_metadata=sample_aspect_ratio=4/3 b.ts

H.264 nìkan ni èyí wà fún. Nínú ètò ẹ́dítíńgì, ẹ ṣí "Interpret Footage", kí ẹ mú 1.33 fún ìwọ̀n píksẹ́lì.

Àwòrán ìdánwò wá ńkọ́? Ọmọdébìnrin kan àti ọmọlangidi aláwàdà níwájú pátákó dúdú ni ẹ máa rí láàárín rẹ̀. Carole Hersee lorúkọ ọmọ náà, àwòrán rẹ̀ sì ti wà lórí BBC láti 1967. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Awọ ara ọmọ náà ló ń fi hàn bóyá àwọ̀ pupa ti pọ̀ jù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní àwọn ọfà funfun tí ẹnu wọn gbọ́dọ̀ kan etí ojú tẹlifíṣọ̀n. Tí ẹnu ọfà bá ti sọnù, tẹlifíṣọ̀n yín ń gé etí àwòrán dànù, ó sì ń na ìyókù, HD yín kì í ṣe HD mọ́ nìyẹn. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan fífẹ̀ àwòrán lórí rìmóòtù: LG ń pè é ní Just Scan, Samsung ní Screen Fit, Sony ní Full Pixel, Sharp ní Dot by Dot.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo àwọn ìlà dúdú àti funfun tó sún mọ́ra. Tí ẹ bá rí ìlà funfun kan tó yí ìlà dúdú ká bí òjìji, Sharpness ti pọ̀ jù. Ẹ dín in kù títí yóò fi parẹ́. Àwọn ìlà tó fún jù lọ kò ní yà sọ́tọ̀ lórí ìkànnì tó jẹ́ 1440, wọ́n á di eérú. Ẹ má tìtorí ìyẹn bá tẹlifíṣọ̀n yín jà, inú ìgbéjáde ni wọ́n ti sọnù.

Wọ́n tún máa ń gbé ìdánwò ohùn àti àwòrán jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ojú èèyàn máa ń mọ̀ ọ́n tí ohùn bá ṣáájú ẹnu pẹ̀lú 45 mílísẹ́kọ́ńdì, ìyẹn kò ju fírémù kan àti díẹ̀ lọ. Tí ohùn bá gbẹ̀yìn, ó lè tó 125 kí èèyàn tó fura. Ìdí nìyí tí ó fi sàn kí ohùn falẹ̀ díẹ̀ ju kó ṣáájú lọ. Tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń dá àwòrán dúró, tí ohùn tó gba inú ẹ̀rọ mìíràn kọjá á sì ti jáde. Ẹ lo "audio delay", 40 ní ìgbà kan, títí ẹnu á fi bá ọ̀rọ̀ mu.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà mú lọ nínú ìtàn BBC HD ni òfin tí wọ́n fi lé àwọn tó ń ṣe ètò fún wọn lọ́wọ́. Àwòrán tí kì í ṣe HD kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 25 nínú 100 ètò lọ. Kámẹ́rà tó ń gba fírémù lọ́kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 100 Mbit/s ó kéré tán. Èyí tó ń fi fírémù wé ara wọn, 50. Fíìmù Super 16, tí ọ̀pọ̀ eré orí tẹlifíṣọ̀n ń lò tẹ́lẹ̀, wọn kò gbà á ní HD. Àwọn ayàwòrán bínú sí èyí, àmọ́ ìdí rẹ̀ dúró ṣinṣin: hóró inú Super 16 ń yí padà ní fírémù kọ̀ọ̀kan, H.264 sì ń rò pé nǹkan gidi ló ń rìn. Á kó bíìtì lé hóró, ojú òṣèré á sì pàdánù tirẹ̀. Ẹ rántí bíìtì 63 bọ̀dá Agodi.

Fún ẹni tó ń yàwòrán n'Ìbàdàn lónìí, kó rántí pé iná wa jẹ́ 50 Hz. Kí gbogbo kámẹ́rà wà ní 1080i50 tàbí 1080p25, shutter 1/50. Ẹni tó bá fi í sí 30 àti 1/60 á rí ìmọ́lẹ̀ tó ń gbọ̀n lábẹ́ iná fluorescent nínú gbọ̀ngàn, kò sì sí ẹ́dítíńgì tó ń mú un kúrò pátápátá. Kó tó gbé e ránṣẹ́, kó wo gbogbo ibi tí àwòrán ti ń yọ́ wọnú òmíràn. Gígé lásán sàn jù níbi tí bíìtì bá ti kéré.

Ẹ̀rọ_Agodi

Ẹ ṣé, Àǹtí. Mo ṣì jẹ yín ní ìdáhùn lórí bí wọ́n ṣe pa á.

BBC HD kì í ṣe ẹ̀dà ìkànnì kankan. Ètò HD láti BBC One, Two, Three, Four àti ti àwọn ọmọdé ni wọ́n ń kó jọ sórí rẹ̀, torí pé ètò HD kò tíì pọ̀ tó láti kún ìkànnì kọ̀ọ̀kan. Wàhálà rẹ̀ ni pé òǹwòran kò mọ ìgbà tí ètò tó fẹ́ máa bọ́ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá 2010, BBC One HD bẹ̀rẹ̀, ohun kan náà tó ń lọ lórí BBC One ni, ó kàn mọ́ kedere ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ BBC HD ti ń mì. Owó sì ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere: oṣù kẹwàá ọdún 2010 náà ni wọ́n ti fi owó ìwé àṣẹ tẹlifíṣọ̀n sí £145.50 fún ọdún mẹ́fà láì fi kún un. Ní 2011 wọ́n kéde ibi tí wọ́n máa dín ìnáwó kù, BBC HD sì wà nínú rẹ̀. Ó parí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta 2013, BBC Two HD gba ipò rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún náà, Three, Four, CBBC, CBeebies àti News náà di HD. Lójú tèmi, wọn kò pa á nítorí pé ó kùnà. Iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an ti parí.

Kò sí àyè ọ̀fẹ́ fún àwọn tuntun yìí. Ìjókòó inú Micra kì í pọ̀ sí i torí pé èrò pọ̀ ní Dùgbẹ̀. Ẹni tó bá tóbi ló ń fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tí multiplex (àkópọ̀ ìkànnì tó ń pín fírikúẹ́ǹsì kan) ń ṣe náà nìyẹn: ìkànnì tó ń fi bọ́ọ̀lù hàn gba bíìtì púpọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá yẹn, èyí tó ń fi oníròyìn tó jókòó hàn gba díẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn wò jù lọ ni ìròyìn agbègbè. Nígbà tí BBC One HD bẹ̀rẹ̀, tí àsìkò ìròyìn ìbílẹ̀ bá tó, pátákó ìkéde ló ń jáde lórí rẹ̀ tó ń sọ pé kí òǹwòran lọ sí ìkànnì SD. Ìdí ni pé agbègbè kọ̀ọ̀kan nílò sítúdíò HD, wáyà ìsopọ̀ HD, ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ tirẹ̀, àti àyè tirẹ̀ lórí sátẹ́láìtì. Ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà kí wọ́n tó parí rẹ̀ ní England, oṣù kìíní 2024 ni wọ́n sì tó pa SD lórí sátẹ́láìtì.

Ibùdó tó ń gba ètò láti Àbújá tó sì ń fi ìròyìn tirẹ̀ sáàárín á bá ìṣòro kan náà pàdé. Wáyà ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àwòrán PAL (ọ̀nà tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ àtijọ́) lè rìn tó mítà 300 nínú wáyà coax kó kàn máa ṣú díẹ̀díẹ̀. HD-SDI (ọ̀nà tí HD ń gbà rìn nínú wáyà sítúdíò) jẹ́ 1.485 Gbit/s, kì í ṣú: nínú wáyà tó dára á rìn dé nǹkan bíi mítà 100 láì ní àbùkù, lẹ́yìn náà ẹ ó rí àmì funfun wínníwínní, tí ẹ bá fi mítà díẹ̀ kún un, ojú á dúdú pátápátá. Ẹ wọn gígùn gbogbo wáyà láti sítúdíò dé yàrá ìdarí kí ẹ tó ra kámẹ́rà kankan, kí ẹ sì pààrọ̀ gbogbo kọnẹ́tọ̀ BNC tó jẹ́ ohm 50 sí 75.